Bí Ẹ Ṣe Lè Wọn Eré, Ìṣàn Omi àti Ipá Nínú Àgbàlá Yín

Ohun tí ẹ máa nílò nìyí: fóònù tó ní stopwatch, téèpù (ti télọ̀ tàbí ti bíríkìlà), ṣọ́ọ̀kì, òwú, àgádágodo kan, ìṣó, ike omi tó ti ṣófo, píọ̀ wọ́tà díẹ̀, àti òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń lọ sókè òkun fi ń gbé báàgì wọn wò kí wọ́n tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Tí ẹ kò bá ní èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní mọ̀lẹ́bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí àdúgbò kan ní Èkó tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB ní físíìsì, lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni, ní Èbúté-Mẹ́ta, kò jìnnà sí Oyíngbò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti kọ́ ìlànà eré sórí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ wá ní kí wọ́n sọ iye eré tí kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń kọjá níwájú ilé ń sá, wọ́n á máa wo ẹnu yín. Àwọn tó bá sì gbìyànjú, ìjà mìíràn ni mo máa ń bá wọn jà. Ọmọ á kọ 36.482 sínú jọ́tà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni kakulétọ̀ wí. Màá ní, "Ta ló fún ẹ ní .482 yẹn?" Nọ́ḿbà tí ẹ kò lè sọ bó ṣe lè ṣì tó, ẹ ò tíì wọn nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí màá fi máa béèrè ìbéèrè yẹn léraléra nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á.

Ọkọ̀ tó ń kọjá

Ẹ wá ibi tí títì ti tẹ́jú, tí ọkọ̀ ń rìn geere. Ojú ọ̀nà Herbert Macaulay láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú dára. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má wulẹ̀ dán an wò, gosiló nìkan lẹ máa rí wọ̀n. Ẹ yan òpó iná méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ fi téèpù wọn àárín wọn níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sójú títì rárá, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Agbèrò lè wá bi yín bóyá ìjọba ló rán yín wá wó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni, á fi yín sílẹ̀, ó tiẹ̀ lè dúró máa bá yín pe ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ká ní mítà 40 ló wà láàárín òpó méjèèjì. Imú dánfó kan kan òpó àkọ́kọ́, ẹ tẹ stopwatch. Imú rẹ̀ kan òpó kejì, ẹ dá a dúró. Sẹ́kọ́ǹdì 4. Ẹ fi 4 pín 40, ó di mítà 10 ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ bó ṣe ń hàn níwájú dírẹ́bà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6, ó di kìlómítà 36 ní wákàtí kan. Inú wákàtí ni 3.6 ti wá: sẹ́kọ́ǹdì 3,600 ló wà nínú wákàtí kan, mítà 1,000 ló wà nínú kìlómítà kan.

Imú ni kí ẹ wò ní òpó méjèèjì o. Ẹni tó wo imú níbẹ̀rẹ̀, tó wá wo ìdí níparí, ti fi gígùn ọkọ̀ kún ọ̀nà láìmọ̀.

Ó wá lè ṣì tó báwo? Ìka wa kì í tètè gbọ́ ohun tí ojú rí, ẹ sì lè wọn ìyẹn náà. Kí ẹnìkan di rúlà sẹ̀ǹtímítà 30 mú lókè, kí ẹ̀yin ya àtàǹpàkò àti ìka yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ó jù ú sílẹ̀ láìkìlọ̀. Ibi tí ẹ ti hán an ni kí ẹ kà. Sẹ̀ǹtímítà 15 túmọ̀ sí pé ẹ pẹ́ tó sẹ́kọ́ǹdì 0.18, sẹ̀ǹtímítà 20 jẹ́ 0.20, sẹ̀ǹtímítà 25 jẹ́ 0.23. Bí a ṣe ń rí i ni pé a ó sọ ọ̀nà tí rúlà já (ní mítà) di ìlọ́po méjì, a ó fi 9.78 pín in, a ó wá wá gbòǹgbò rẹ̀, bí 4 ṣe jẹ́ gbòǹgbò 16 nítorí pé 4 lọ́nà 4 ni 16. Ẹ ó rí ibi tí 9.78 ti wá níwájú.

Nítorí náà, ẹ gbà pé ọwọ́ yín lè ṣì tó sẹ́kọ́ǹdì 0.2. Nínú sẹ́kọ́ǹdì 4, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, eré dánfó yẹn wà láàárín 34 sí 38. Ó dára, a lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mítà 10 péré lẹ wọ̀n: dánfó yẹn kan náà á gba sẹ́kọ́ǹdì 1, ọwọ́ tó ṣì ní 0.2 á wá sọ kìlómítà 36 di ohunkóhun láti 30 dé 45. Ọkọ̀ ò yí padà, ọwọ́ ò yí padà, ọ̀nà tó kúrú ló ba iṣẹ́ jẹ́. Lóòótọ́, ìka tó pẹ́ níbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń pẹ́ níparí náà, tí èkíní á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èkejì rẹ́. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ju ọwọ́ sí yín láti òpó àkọ́kọ́, ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn: ọwọ́ tó jù máa ń bá yín lójijì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní òpó kejì lẹ ti ń wò bọ̀ látọ̀ọ́kán. Tí fóònù yín bá ń ya fídíò tó ní àwòrán 30 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹ dúró jìnnà níbi tí ẹ ti lè rí òpó méjèèjì, ẹ ya á, kí ẹ ka iye àwòrán. Àwòrán kan jẹ́ nǹkan bí sẹ́kọ́ǹdì 0.033, kò sí ìka tó lè bá a díje.

Dírẹ́bà dánfó kan ń gbé nínú ilé wa, Bàbá Ṣadé, tó máa ń sọ pé 120 lòun máa ń sá lórí Third Mainland. Afárá yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1990, gùn tó kìlómítà 11.8. Mo bi í pé ìgbà wo ló gùn ún ní Oworonṣókí, ìgbà wo ló sọ̀ ní Adéníjì Adélé. Ó ní bí ogún ìṣẹ́jú. Ìpíndọ́gba eré yẹn jẹ́ kìlómítà 35 ní wákàtí kan, bíi ti dánfó Herbert Macaulay wa. Tó bá jẹ́ 120 ló sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ì bá fi dé. Ó ní, "Àǹtí, ìwé ti pọ̀ jù lórí yín." Síbẹ̀, àwa méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Ó lè ti sá 120 níbi tí afárá ti dá, kí gosiló tó mú un. Ìpíndọ́gba kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ gé ọ̀nà sí wẹ́wẹ́, kí ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà kúkúrú tún ti máa dá wàhálà ọwọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé dáadáa, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́.

Ohùn

Èyí ò gba àkókò. Níbi tó gbóná tó ìwọ̀n 30 bíi ti ọ̀sán wa, ohùn ń rìn ní nǹkan bí mítà 349 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Mànàmáná kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́kọ́ǹdì títí àrá á fi sán: mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Tí ẹ bá fẹ́ wọn ọ́n fúnra yín, ẹ wá ògiri gíga kan tí pápá ìṣeré wà níwájú rẹ̀, kí ẹ dúró ní mítà 50 sí i láàárọ̀ kùtù tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì máa ké. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ máa pa á ní déédéé títí ohùn tó ń padà bọ̀ á fi máa bọ́ sí àárín méjì àtẹ́wọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ ka àlàfo ogún. Ó yẹ kó sún mọ́ sẹ́kọ́ǹdì 11.5, àlàfo kan á jẹ́ 0.57. Nínú àlàfo kan, ohùn ì bá lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mítà 200 nìyẹn. Ẹ fi 0.57 pín 200. Ẹ rí i pé ogún ni mo ní kí ẹ kà; ọwọ́ tó ṣì ní 0.2 ti pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà ogún.

Omi

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ bohólù, kí ẹ wo àkókò tó fi kún. Sẹ́kọ́ǹdì 100 túmọ̀ sí lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá Ṣadé, tó ń ta ẹ̀kọ, máa ń kọ tiẹ̀ sára ògiri lóṣooṣù. Tí ó bá ní pọ́ǹpù ti ń rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn mọ́.

Iṣẹ́ gidi ni omi tó ń tán lọ. Ẹ wá ike omi lítà kan ààbọ̀ tí ara rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí ẹ gé orí rẹ̀ kúrò. Ẹ fi ẹ̀mú di ìṣó mú, kí ẹ fi iná gbóná rẹ̀, kí ẹ fi lu ihò kan lókè ìdí ike níbi tí ara rẹ̀ ti dọ́gba, kí ihò náà fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin. Láti àárín ihò lọ sókè, ẹ sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 16, 9, 4 àti 1. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi yan àwọn yẹn ná. Ẹ fi ìka dí ihò, ẹ bu omi kọjá 16, ẹ yọ ìka, kí ẹnìkejì máa kọ àkókò tí ojú omi kan àmì kọ̀ọ̀kan.

Kí omi tó kúrò lórí 9, mo máa ń dá àwọn ọmọ dúró, màá ní kí wọ́n sọ ìgbà tí ike á ṣófo. Ká ní sẹ́kọ́ǹdì 40 ló gbà láti 16 dé 9. Gbogbo wọn ló máa ń dáhùn bákan náà: sẹ̀ǹtímítà 7 ní sẹ́kọ́ǹdì 40, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 16 á gba 91. Àbá nìyẹn. Àbá tó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì rọrùn láti dán wò: ẹ jẹ́ kí aago dé 91, kí ẹ wo inú ike. Omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 3 ṣì wà níbẹ̀, tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí omi ṣe ń relẹ̀ ni ohun tó ń tì í jáde ń dín kù. Evangelista Torricelli, ọmọ Ítálì tó sin Galileo, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, nígbà tí Galileo ti darúgbó, ló rí ìlànà rẹ̀ ní 1643: eré tí omi fi ń jáde láti inú ihò dọ́gba pẹ̀lú eré tí nǹkan máa ní tó bá já láti ojú omi wá sí ihò náà. Ní sẹ̀ǹtímítà 16, mítà 1.77 ní sẹ́kọ́ǹdì kan ni. Ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó jẹ́ ìdá mẹ́rin gíga yẹn, eré náà di ìdajì. Gbòǹgbò gíga ló ń darí eré. Tí ẹ bá wá tẹ̀ lé e síwájú, ẹ ó rí i pé gbòǹgbò gíga yẹn ló ń dín kù ní déédéé bí àkókò ṣe ń lọ.

Gbòǹgbò 16 ni 4, ti 9 ni 3, ti 4 ni 2, ti 1 ni 1. Ìdí tí mo fi yan àwọn àmì yẹn nìyẹn. Tí Torricelli bá tọ̀nà, láti 16 dé 9, láti 9 dé 4, láti 4 dé 1, iye àkókò kan náà ni gbogbo wọn máa gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 7 ni ti àkọ́kọ́, 5 ni ti èkejì, 3 ni ti ẹ̀kẹta. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Kò gba kakulétọ̀, kò sì sí bí ọmọ ṣe lè mọ̀ ọ́n parọ́, torí pé ọ̀kan nínú wọn gbìyànjú ẹ̀: ó kọ àwọn àkókò tó rò pé ó yẹ kó rí, gbogbo rẹ̀ wá tọ́ sí àbá àkọ́kọ́ tí ike ti já nírọ́.

Àbá tuntun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Tí ẹ bá fi eré yẹn àti fífẹ̀ ihò ṣírò iye lítà tó yẹ kó jáde, omi tó jáde gan-an á jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ tí etí ihò bá mú, nítorí pé omi máa ń tínrín sí i lẹ́yìn tó bá kúrò lẹ́nu ihò. Ẹ wọn ìyẹn lẹ́ẹ̀kan fún ihò yín, ẹ ti ní i lọ́wọ́ nìyẹn. Ní sẹ̀ǹtímítà kan tó kẹ́yìn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ etí ihò, á máa kán tó-tó-tó, ìṣirò ò sì bá a lọ mọ́. Ẹ fà ìlà síbẹ̀ nínú jọ́tà yín, kí ẹ kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni ẹ dúró sí.

Tí ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ tì í bọ ife tíì gbígbóná, kí ẹ wo irú ìdínkù mìíràn. Èyí tí Isaac Newton, onímọ̀ físíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa rẹ̀ ní 1701 ni: bí tíì bá ṣe gbóná ju yàrá lọ tó ló ṣe máa yára tutù tó. Nínú yàrá tó wà ní 30, tí tíì bá gba ìṣẹ́jú kan pàtó láti 70 dé 50, ó yẹ kó tún gba bẹ́ẹ̀ láti 50 dé 40, àti láti 40 dé 35. Ẹ fi nǹkan dé ẹnu ife o, torí pé oru tó ń jáde máa ń ba òfin yìí jẹ́ níbi tí tíì bá ti gbóná jù.

Òwú àti àgádágodo

9.78 tí mo ti ń lò láti òkè ni iye tí eré nǹkan tó ń já sílẹ̀ fi ń lé sí i ní Èkó: mítà 9.78 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, fún sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Ní òpin ayé ní àríwá, 9.83 ni. Àwa sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, níbi tí ayé ti wú díẹ̀, tí yíyí rẹ̀ náà sì ń dín nínú agbára tó fi ń fà wá.

Ẹ kan ìṣó mọ́ igi bákónì, ẹ so àgádágodo mọ́ òwú, kí ó jẹ́ mítà kan gẹ́lẹ́ láti ìṣó dé àárín àgádágodo. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà ní "òdo", kì í ṣe "ení". Gbogbo ọmọ tuntun ló ń kùnà níbẹ̀. Kí ẹ ka ogún àlọ-àbọ̀. Sẹ́kọ́ǹdì 40.2 ló yẹ kí ẹ rí, ìyẹn 2.01 fún ẹyọ kan. Ẹ sọ 2.01 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 4.04. Ẹ fi pín 39.5 (ìlọ́po mẹ́rin pi lọ́nà pi), ẹ ó rí 9.78.

Tó bá jẹ́ àlọ-àbọ̀ kan ṣoṣo lẹ wọ̀n, tí ọwọ́ ṣì ní 0.2, ẹ ó rí nǹkan láàárín 8 àti 12. Pẹ̀lú ogún, àṣìṣe yẹn wọlẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Téèpù ló kù tó lè dà yín. Téèpù télọ̀ tó ti gbó máa ń fà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bíríkìlà wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ipá

Píọ̀ wọ́tà tó kún dáadáa jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, omi ìdajì lítà sì wúwo tó ìdajì kílò. Ẹ gbé e kọ́ òṣùwọ̀n kí ẹ tó gbà, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń kún. Newton la fi ń wọn ipá: ẹ sọ ìdajì kílò di púpọ̀ pẹ̀lú 9.78, ẹ ó rí i pé ó ń fa nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú ipá Newton 4.9.

Ẹ kó mẹ́wàá sínú páálí kan lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kí ẹ so òṣùwọ̀n mọ́ ọn, kí ẹ fà á ní dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ḿbà méjì: èyí tó ga jù, kí páálí tó ṣípò, àti èyí tó rẹlẹ̀ sí i nígbà tó bá ń wọ́ lọ. Ẹ fi ìwúwo gbogbo ẹrù pín èkejì. Tí páálí bá wúwo tó kílò 5, tí òṣùwọ̀n sì ka kílò 2 bó ṣe ń wọ́, 0.4 ni ìfaragbọ̀n ilẹ̀ yẹn pẹ̀lú páálí yẹn, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń di páálí mú tó kó má yọ̀. Ẹ sọ ẹrù di ìlọ́po méjì: ipá á di ìlọ́po méjì, 0.4 ò ní yí padà. Ẹ wá gbé páálí náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kéré jù, kí ẹ tún fà á. Àwọn ọmọ máa ń búra pé á rọrùn sí i nítorí pé ibi tó kan ilẹ̀ ti dín kù. Kò ní rọrùn sí i. Guillaume Amontons, ọmọ Faransé, ti sọ èyí ní 1699, ẹnu sì yà àwọn èèyàn nígbà náà pẹ̀lú.

Nọ́ḿbà yẹn ló ń dá ọkọ̀ dúró. Rọ́bà táyà lórí ọ̀dà gbígbẹ jẹ́ nǹkan bí 0.7, lórí ọ̀dà tó tutù nínú òjò, bí 0.4. Láti mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ máa fi dúró lẹ́yìn tí búréèkì bá ti mú, ẹ sọ eré (mítà ní sẹ́kọ́ǹdì) di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ fi ìlọ́po méjì nọ́ḿbà yẹn lọ́nà 9.78 pín in. Ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, mítà 20 ni lójú ọ̀nà gbígbẹ, mítà 36 nínú òjò. Ní 120, mítà 81 àti 142. Eré di méjì, ọ̀nà di mẹ́rin, ìwúwo ọkọ̀ kò sì sí nínú ìṣirò náà rárá. Ẹ fi ọ̀nà tí ọkọ̀ máa lọ kí ẹsẹ̀ tó kan búréèkì kún un: sẹ́kọ́ǹdì kan ní 120 jẹ́ mítà 33.

Táyà tó ti dán, iyanrìn lójú ọ̀nà, búréèkì tó ń fà sápá kan, kò sí ìkankan nínú wọn nínú àbá yẹn. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ológeere dán an wò nínú àgbàlá. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì tó jìnnà síra ní mítà 10, kí ẹni tó ń gùn ún kọjá láàárín wọn, kí ẹ wọn eré rẹ̀ bí a ṣe wọn ti dánfó, kí ó sì tẹ búréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ pátápátá níbi ìlà kejì. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà á wọ́ ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ. Ìfiwéra láàárín eré kan àti ìlọ́po méjì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ fi téèpù wọn ipa dúdú tí táyà fi sílẹ̀ ní eré méjèèjì, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí lándílọ́ọ̀dù tó jí.